Abẹ́rẹ́ Tí Mi Ò Fẹ́ Gbà

Àbúrò mi obìnrin ló bímọ tí ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ púpọ̀, tí wọ́n ní kí ẹbí wá fún un ní ẹ̀jẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ ká apá aṣọ sókè. Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Másífà nígbà náà, ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ara mi le, n kì í ṣàìsàn, mo sì máa ń fi ìyẹn yangàn níwájú àwọn tí orí ń fọ́ lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì gba díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi lọ yẹ̀ wò. Nígbà tó padà dé, ó ní àwọn ò ní lè lo tèmi, kí ẹlòmíràn wá jókòó. Inú bí mi débi pé mo bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ tèmi ni kò pupa tó.

Ọkọ àbúrò mi ló fún un ní ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ sì yá. Èmi tí mo wá ṣe olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n wá dá dúró. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí dókítà àgbà kan ní Ìbàdàn.

Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni dókítà náà. Ó ní àrùn kan tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítíìsì, tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ran èèyàn, ń gbé inú ẹ̀dọ̀ mi, pé ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti kékeré ni. Mi ò gbà á gbọ́. Ní tiwa, a mọ ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dùn: ojú rẹ̀ á pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n. Ojú tèmi funfun láúláú. Mo fi ìka fa ìpéǹpéjú mi sílẹ̀ kí dókítà náà lè rí i.

“Mo rí i, Tíṣà,” ó ní. “Ẹ̀dọ̀ yín kò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, kò ṣiṣẹ́ fún àwọn mìíràn. Ibà á máa ṣe yín tí ẹ bá ti gbà á. Ẹ ò sì gbọdọ̀ lóyún ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń gbà á. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ lè ṣe sùúrù, ká máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ká máa wo ibi tó ń lọ. Èmi fẹ́ kí ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ara yín ni, ẹ lọ rò ó.”

Kí n lọ rò ó! Nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló kàwé dókítà? Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Mo bi í nípa ọmọ mi, ó ní kí n mú un wá. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a ò rí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo sunkún lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èjìgbò.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn rẹ̀, oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi. Mo ti lé ní ọdún márùndínlógójì. Ọkọ mi wà ní Àbíjàn, ó ń ta bàtà níbẹ̀ bí ìdajì àwọn ọkùnrin àdúgbò wa, Iléyá ló sì máa ń gbé e wálé. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé ilé tó kọ́ sí Èjìgbò. Ìyá yìí kò burú, ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè kan. Gbogbo ọjọ́ ọjà, kó tó gbé agbọ̀n rẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, á ní, “Ìyàwó, ṣé kò tíì sí nǹkan?”

Èmi náà á ní, “Nǹkan wà lórí iná, Ìyá. Ẹ̀fọ́ ni.”

Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á lọ. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Mo mọ obìnrin mẹ́ta ládùúgbò wa tí ọkọ wọn lọ sí Àbíjàn ní òun nìkan, tó sì ti ibẹ̀ kó ìyàwó àti ọmọ bọ̀. Tí mo bá gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́fà, tí mo tún ń dúró kí ara mi padà bọ̀ sípò, ọdún á ti yí, ọjọ́ orí mi á ti lọ sí i, àwọn ẹbí ọkọ mi á sì ti bá a wá ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú mi. Mo bẹ̀rù ikú, mi ò ní purọ́, àmọ́ ikú jìnnà, ìyàwó tuntun wà ní ìtòsí.

Nígbà tí mo ti Ìbàdàn dé, mo sọ fún ìyá ọkọ mi. Ó fa ojú mi sílẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Mo ní ó ti dá ẹjọ́ mi nìyẹn.

Ọkọ mi kò kàwé, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nílùú wa nìyẹn: wàá gba ohùn rẹ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wàá fi rán ẹni tó ń wọ mọ́tò Àbíjàn, tó bá délẹ̀, gbogbo ará Èjìgbò tó wà nínú ilé náà á pé jọ gbọ́ ọ. Lẹ́ta kò ṣe irú òfófó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ lọ́jọ́ náà fi jẹ́, “Ẹni tí kì í bá ṣe ọkọ mi níbẹ̀, ó yá, dìde.” Lẹ́yìn náà ni mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà wò. Mo sì fi parí rẹ̀ pé mi ò ní gba abẹ́rẹ́ náà, ọmọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bí.

Ìyá ọkọ mi ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Àdúrà ni, ìkíni ni, ká tó sọ pé ó dìgbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wa sí iwájú rẹ̀, ó ní, “Bọ́ síta ná, ìyàwó. Mo fẹ́ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀.”

Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Mo tẹ bọ́tìnì fún un, mo jáde. Mo dúró sẹ́yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, mi ò gbọ́ nǹkan kan ju kùn-ún-kùn-ún lọ. Ó pẹ́ kó tó pè mí. Nígbà tí mo wọlé, ó káwọ́ lé itan, rédíò ṣì ń yí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Mo pa á. Kò wo ojú mi.

Kí lẹ rò pé mo rò? Mo ní ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé aláìsàn ni mí, kó wá ẹlòmíràn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi dúró de èsì, mo ń se oúnjẹ rẹ̀, mo ń pọnmi ìwẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbé àwo kalẹ̀ kó dún. Tó bá ní “Ìyàwó, kú iṣẹ́,” mo máa ń fi imú dá a lóhùn. Èmi tí mo ń na ọmọ nílé ìwé nítorí ìwà àfojúdi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé ni obìnrin oníṣòwò kan mú èsì wá. Kásẹ́ẹ̀tì wa náà ni, ìkọ̀wé ọwọ́ mi ṣì wà lára rẹ̀. Ọkọ mi gba ohùn tirẹ̀ lé orí tiwa ni, kò wulẹ̀ ra tuntun. Èmi àti ìyá rẹ̀ jókòó tì í.

“Àsàlámù àlékúmù. Tíṣà, sá fa?” Ó fi Faransé Àbíjàn kí mi, ó kí ìyá rẹ̀, ó kí ọmọ, ó kí gbogbo àdúgbò níkọ̀ọ̀kan, ó ku kó kí ewúrẹ́. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ó ní, “Bọ̀n. Mo ti lọ fẹ́jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n láwọn ò rí nǹkan kan. Tíṣà, mo gbọ́ gbogbo nǹkan tóo wí. Mo gbọ́ ti Màámi náà. Ti Màámi ni mo fara mọ́ o. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó dìgbà.” Nǹkan ta kẹ́ nínú rédíò náà, ó dákẹ́.

Mo dìde. “Ìyá, kí lẹ wí fún un? Ta lẹ ní kó fẹ́?”

Ó la ẹnu. Mi ò tíì pa rédíò náà, kí ó sì tó dá mi lóhùn, ohùn tirẹ̀ ló jáde láti inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi kò gùn tó tiwa, kò sì tíì pa ìparí tiwa rẹ́.

“…ò lè wí i lójú ẹ̀. Èmi ni mo ti ń fọ̀rọ̀ ọmọ yọ ọ́ lẹ́nu látọjọ́ yìí. Àìsàn yìí ò ṣàjèjì sí mi. Irú ẹ̀ ló pa bàbá ẹ. Inú ẹ̀ wú, ojú ẹ̀ pọ́n, dókítà ní ẹ̀dọ̀ ni, mo ní irọ́ ni, orogún mi ló fún un ní nǹkan jẹ. Mo gbé e kúrò lọ́sibítù. Mo bá obìnrin yẹn jà títí tó fi kó jáde nílé, kò sì mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ n tún ṣe irú ẹ̀. Wí fún ìyàwó ẹ kó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀. Tó bá ní nítorí ọmọ lòun ò ṣe ní gbà á, wí fún un pé mi ò bi í léèrè ọmọ mọ́. Ọ̀kan tó bí yẹn tó mi. Ẹnu ẹ̀ mú, mo mọ̀. Àmọ́ òun lọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ìwọ, ìgbà wo ni mo rí ẹ? Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹ. Ìyàwó! Ìyàwó o! Báwo ni wọ́n ṣe ń pa nǹkan yìí?”

Ìyá ọkọ mi na ọwọ́ sí rédíò náà, ojú ń tì í gidi. “Ṣé bí ohùn mi ṣe rí nìyẹn? Pa á, jàre.”

Mi ò lè pa á. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo gbé orí lé itan rẹ̀, mo sunkún fún gbogbo àwo tí mo ti gbé kalẹ̀ kó dún. Ó ní kí n dìde, pé ọmọ á bá wa báyìí. Nígbà tí mo dìde, mo mú ọ̀bẹ, mo ṣẹ́ eyín kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, bí a ṣe máa ń ṣe sí kásẹ́ẹ̀tì wáàsí, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba ohùn mìíràn lé e mọ́.

Mo gba abẹ́rẹ́ náà fún oṣù mẹ́fà. Ibà ṣe mí, irun mi re, mo ń kọ́ àwọn ọmọ níṣirò pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn nínú oòrùn. Àrùn náà kò lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó dákẹ́, ẹ̀dọ̀ mi sì wà níbi tó wà títí dòní. Ọkọ mi kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ọmọ kejì kò wá mọ́, ó sì dùn mí, mi ò ní sọ pé kò dùn mí.

Ìyá ọkọ mi tún lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i lọ́dọ̀ mi. Gbogbo ọjọ́ ọjà, kó tó gbé agbọ̀n rẹ̀, á ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Á ní, “Ìyàwó, ìgbà wo lo tún ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yẹn wò?”