Ìwé Ìbúra Ọjọ́ Orí Ọmọ Wa

Ọmọbìnrin wa fẹ́ ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá. Mo gbìyànjú láti yí i lọ́kàn padà, kò gbọ́, mo bá jókòó tì í kí a jọ ka ohun tí wọ́n ń béèrè. Wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe ga tó. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ríran dáadáa, bóyá orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń kan ara wọn, bóyá ó ń kólòlò. Wọ́n fẹ́ ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ìwé láti ìjọba ìbílẹ̀, àti ẹni méjì tí yóò ṣe onídùúró. Mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó wo orúnkún mi rí.

Gbogbo rẹ̀ ló pé, àfi ọjọ́ orí. Ẹni tí wọ́n máa gbà kò gbọ́dọ̀ ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọmọ wa. Ìwé rẹ̀ ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ìyàwó mi ló fi ọdún méjì kún un. Ọmọ náà ò ju ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà, ó ti ń kàwé fún àlejò, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ní àwọn ò gba ẹni tí kò tíì pé mẹ́fà. Ìyàwó mi ní kí n gbé òun lọ sí kóòtù ní Ọ̀yọ́, ìlú mi, kí òun lọ búra. Mo ní kò dáa. A jà lé e lórí títí a fi dé Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, èmi ni mo wa mọ́tò. Mo jókòó sínú rẹ̀ níta, mo ń ka ìwé ìròyìn, nígbà tó wọlé lọ búra. Oṣù kẹjọ rèé tí a ti sin ín. Mi ò rí i bá jà mọ́.

Èmi àti ọmọ wa lọ sí kóòtù Ọ̀yọ́ kan náà láti tún ọjọ́ orí náà ṣe. Akọ̀wé kóòtù, obìnrin kan tó wọ jígí ojú, ní ẹni tó búra àkọ́kọ́ ni kó wá tún un ṣe. Mo ní ó ti kú. Ó kí mi kú ará fẹ́ra kù, ó sì ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ikú wá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìwé náà wà. A padà. Nígbà tí a mú un dé lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé ti lọ síbi ìsìnkú. A tún padà. Nígbà tó fi máa dá wa lóhùn lọ́jọ́ kẹta, ó ku ọjọ́ méjì kí ìforúkọsílẹ̀ parí.

Ó tẹ ìwé náà, ó kà á sí wa létí: ìyá ọmọ náà, olóògbé, ló parọ́ ọjọ́ orí; bàbá kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìbúra èké ló gbé wa débẹ̀, wọ́n tún fẹ́ kí n fi òmíràn tún un ṣe. Mo ní kó kọ ọ́ pé àwa méjèèjì ni, èmi àti ìyá ọmọ.

Ó bọ́ jígí rẹ̀. “Bàbá, ẹni tó ti lọ ni kẹ́ ẹ di ẹrù yẹn rù. Kò sẹ́ni tó lè mú un lọ sẹ́wọ̀n mọ́.”

“Dádì,” ni ọmọ wa wí, “ẹ buwọ́ lù ú bó ṣe wà. Mọ́mì ò ní bínú.”

“Èmi ló ń bínú.”

Akọ̀wé mí kanlẹ̀, ó tún un tẹ̀. Mo buwọ́ lù ú. Ọmọ wa já ìwé náà gbà lọ́wọ́ mi, a sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ládùúgbò Under G, ó jókòó ti ẹ̀rọ títí ìwé náà fi wọlé sórí ìkànnì àwọn ọlọ́pàá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi. Wọ́n ní kó wá fún àyẹ̀wò ní Ìbàdàn. Mo bi í bóyá wọ́n sọ nǹkan kan nípa ìwé ìbúra. Ó ní wọ́n sọ ọ́: kí bàbá òun bá òun wá, kó wá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé.

Mo ní a ó wọ mọ́tò àkọ́kọ́ ní gáréèjì Takie.