Ọjọ́ Tí Púpítì Lọ Sẹ́yìn

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Pásítọ̀ Akínfẹ́nwá ní Festac, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ rín. Òun ló gbé púpítì kúrò níwájú láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ní 2003, tó wọ́ ọ gba àárín ìjọ kọjá, tó lọ gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tí wọ́n máa ń ní kí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ jókòó sí.

"Ẹ yíjú síbí o," ló wí, òógùn bò ó. "Ibi tí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá wà ni iwájú."

Bí àwọn alàgbà tó tètè wá gba àga iwájú ṣe di ará ẹ̀yìn nìyẹn.

Adéníkẹ́ nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì náà. Akọrin ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oyún ń yọ lára rẹ̀, kò sì tíì ṣègbéyàwó. Wọ́n ní kó bọ́ aṣọ akọrin, kó máa jókòó sẹ́yìn títí yóò fi bímọ. Bọ́lájí tó fún un lóyún ń tẹ dùùrù níwájú ní tiẹ̀, torí ọmọ Alàgbà Olúgbóyèga ni. Ìtìjú pọ̀ débi pé Adéníkẹ́ ti pinnu pé òun ò ní wá mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Kò sóhun tí Pásítọ̀ kì í ná. Nígbà tó fẹ́ ra fáànù lọ́wọ́ Muhyideen tó ń tà á ní Agboju, wọ́n ná an títí àkókò ìrun fi tó. Kí Muhyideen tó kírun dé, Pásítọ̀ ti bá a ta fáànù méjì.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀yin náà, ẹ wá san iye tẹ́ ẹ tà á fún àwọn tó rà á."

"Rárá o! Àwọn yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń nájà."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ná ọ̀rọ̀ Adéníkẹ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìjọ.

"Alàgbà Olúgbóyèga, èèyàn mélòó ló ni oyún yìí?"

"Méjì, sà."

"Ẹ jẹ́ kí Bọ́lájí náà lọ sẹ́yìn nígbà náà."

"Há! Ta ló máa wá tẹ dùùrù?"

"Ó dáa. Bí Bọ́lájí ò bá lọ, èmi á lọ."

Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Nígbà tó wàásù tán lẹ́yìn níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló dá orin. Ohùn Pásítọ̀ burú, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́ mọ́ òkú. Adéníkẹ́ mú un mọ́ra, kò lè mú un mọ́ra mọ́, ló bá gba orin náà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìjọ gbè é. Bọ́lájí fi dùùrù sílẹ̀, ó wá jókòó sẹ́yìn tòun ti ìtìjú. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn mọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú Pásítọ̀ ní 2009, iwájú ṣófo, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni gbogbo èèyàn ń dù. Alàgbà Olúgbóyèga ti tètè gba àyè tiẹ̀.

"Ẹ sún díẹ̀, sà," ni Adéníkẹ́, tó ti di olórí akọrin, wí.

Alàgbà sún, ó sì gbé Àdúràolúwa, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí Adéníkẹ́ bí, lé ẹsẹ̀.

Adéníkẹ́ dá orin ní ohùn Pásítọ̀ gẹ́lẹ́, bó ṣe máa ń bà á jẹ́. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ó tún un dá dáadáa, wọ́n sì ń gbè é tẹkúntẹkún. Ká ní ó ṣeé ṣe ni, Adéníkẹ́ ì bá dákẹ́, kó tún gbọ́ ohùn burúkú yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.