Gírísì Kì í Gbé Fóònù Mọ́

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, àwa tá a jọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà nígbà tí irun orí wa ṣì dúdú. Iṣẹ́ akọ̀wé yìí ò gbà ju kéèyàn lẹ́nu lọ, mo sì lẹ́nu. Bí ìpàdé ọdọọdún bá ti ń bọ̀, màá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, màá ní, "Kí ni ìròyìn? Kí lò ń ṣe báyìí?" Ọ̀kan á ní òun ti fẹ̀yìn tì, òun ń sin adìyẹ. Ẹni tí à ń pè ní Afárá, tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe afárá, á máa ròyìn orúnkún tó ń dùn ún títí ọ̀rọ̀ ẹ̀ á fi sú mi. Àwọn yẹn ò yọ mí lẹ́nu. Gírísì ló yọ mí lẹ́nu.

Gírísì ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, mi ò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni, ọkọ mi pàápàá mọ̀. Kò sọ́jọ́ tí gírísì kì í wà lára aṣọ ẹ̀, ọjọ́ ìdánwò o, ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ o. Nígbà tí àwa yòókù ń sá kiri, tí à ń wá ọ́fíìsì tó ní amúlétutù, ilé iṣẹ́ omi ló wọ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi ló ń tọ́jú, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n ń bú ramúramù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí mo bá bi í ní ìròyìn, ohun kan náà lá máa sọ: "Ṣé omi ń yọ nílé ẹ? Ìròyìn mi nìyẹn."

Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, kì í gbé fóònù mọ́. Ìyàwó ẹ̀ ló máa ń gbé e. "Wọ́n ń sùn, ẹ̀gbọ́n mi." "Wọ́n wà nílé ìwẹ̀." Ta ló ń wẹ̀ tó báyẹn? Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní wọn ò ní wá sípàdé rárá. Inú bí mi. Mo rò pé Gírísì ti rò wá pin ni. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo gba ilé ẹ̀ lọ, mo sì ń to èébú sẹ́nu bí mo ṣe ń lọ.

Ìyàwó ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Gírísì jókòó sídìí tábìlì nílé ìdáná, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń pa bọ́tà sí búrẹ́dì. Mo kí i, kò dáhùn. Mo tún kí i, kò yíjú.

Mo ní, "Èmi lò ń ṣe báyìí sí? Èmi tí mo máa ń bá ẹ ya àwòrán ẹ̀rọ tọ́wọ́ ẹ bá ń gbọ̀n?"

Ó ń pa bọ́tà ẹ̀ lọ. Ìyàwó ẹ̀ fà mí lápá.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò gbọ́ yín ni. Àwọn ẹ̀rọ yẹn ti ba etí wọn jẹ́. Ilé ìwòsàn fún wọn ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì sétí láti fi gbọ́ràn, àmọ́ téèyàn bá ti pọ̀, ariwo lásán ló ń pa. Ojú ń tì wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò lè jókòó sáàárín yín káwọn máa rẹ́rìn-ín sí ohun táwọn ò gbọ́." Ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Wọn kì í jáde mọ́. Wọn kì í bá èmi gan-an sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

Gbogbo èébú ẹnu mi bá dànù. Mo yí lọ síwájú ẹ̀. Ó gbójú sókè, inú ẹ̀ dùn, lẹ́yìn náà ojú tì í. Mo sọ̀rọ̀ ìpàdé fún un, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó pàdé àlejò lójú ọ̀nà. Ẹ̀rín yẹn dùn mí wọra.

Mi ò mọ ohun tó sún mi débẹ̀. Mo ti ìka sábẹ́ ojú mi, mo fà á wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Nígbà tá a wà nílé ẹ̀kọ́, ariwo àwọn ẹ̀rọ tó ń gé irin pọ̀ débi pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò wúlò. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. A ní ti "pa ẹ̀rọ", a ní ti "jẹ́ kó máa yí", a ní ti "ebi ń pa mí". Èyí tí mo ṣe yìí, "olùkọ́ ń bọ̀" ni, wọn ò sì gbà ká jẹun níbi iṣẹ́ nígbà náà.

Kí Gírísì tó ronú, ó ti ki búrẹ́dì bọ abẹ́ tábìlì.

Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí bọ́tà fi kùn ún ní ṣòkòtò. Ìyàwó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní kó lọ bu omi wá fún mi, kémi náà má baà bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, Gírísì ní, "Akọ̀wé, èmi àtìwọ nìkan ló rántí nǹkan wọ̀nyí."

Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí: táwọn yòókù bá ti gbàgbé lóòótọ́, ta ló máa bá a sọ̀rọ̀? Mo délé, mo pe gbogbo wọn padà, mo ní ọwọ́ la máa fi sọ̀rọ̀ nípàdé bíi ti ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó bá lanu, èmi àtẹ̀ ni. Afárá lóun ti gbàgbé. Mo sọ ohun tí mo sọ fún un, kò ṣe é tún sọ níbí.

Mo bẹ ìyàwó Gírísì kó ṣáà mú un wá. Lọ́jọ́ ìpàdé, Gírísì wọlé lẹ́yìn ẹ̀, ó di fìlà mú, ó jókòó sí àga oníke tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù. Mo mọ̀ pé tí kò bá yé e, ó máa dìde lọ, a ò sì ní rí i mọ́. Afárá ló kọ́kọ́ dìde. Ó lanu, mo ranjú mọ́ ọn, ó panu dé. Ó na ìka sí orúnkún ẹ̀, ó wá fi ìkúùkù méjì ha ara wọn: ẹ̀rọ ti dẹnu kọlẹ̀. Gírísì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí gbogbo ilé tó gbà á. Èyí tó ń sin adìyẹ fẹ́ sọ pé òun ti pa ẹ̀rọ, pé òun ti fẹ̀yìn tì, ó ṣe ti ebi, a fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Àwọn ọkọ àtìyàwó wa kàn ń wò wá.

Ó wá kan Gírísì. Ó gbé fìlà sílẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: omi, páìpù tó bẹ́, ọmọ-ọmọ tó ti ga tó orúnkún. Ó nàka sí ìyàwó ẹ̀, ó fi ọwọ́ náà kan etí ara ẹ̀, ó jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn ti wá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fẹ́ tìlẹ̀kùn.

Alága wa dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gé afẹ́fẹ́: pa ẹ̀rọ.

Gírísì wò ó. Ó gbé ìka kan sókè, ó ń yí i roboto, roboto: jẹ́ kó máa yí.

Alága padà jókòó.