Àwòrán Olùdarí Tó Kú

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Mushin, iléeṣẹ́ kan ní ká tẹ ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ta ṣíà, ìyẹn ìpín ìdókòwò wọn, fún aráàlú. Àwòrán àwọn olùdarí wọn wà nínú rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán ni ọ̀kan nínú wọn kú. Wọ́n ní ká tún un tẹ̀ láìsí àwòrán rẹ̀, ọ̀gá mi sì ta ti àkọ́kọ́ fún àwọn alákàrà láti fi wé àkàrà.

Láti ìgbà náà, kò síbi tí mo yà sí ládùúgbò tí n kò ti rí ọkùnrin náà. Á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ lára àkàrà, epo á ti rin ín lójú.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi nílé ìtẹ̀wé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ku ẹyọ kan nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn? Àwòrán tí bàbá mi yà kẹ́yìn nìyẹn."

Mo ní kò sí mọ́. N kò lè sọ ibi tó wà fún un. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo wá ìwé náà kiri lọ́dọ̀ àwọn alákàrà, ṣùgbọ́n ó ti tán. N kò pàdé ọkùnrin náà rí, síbẹ̀ kò kúrò lójú mi.