Bàtà Kan Lórí Ìlà

Bàtà ẹsẹ̀ òsì ni tíṣà kan tó fẹ̀yìntì tipẹ́ ṣáájú mi fi ń gba ààyè sílẹ̀ ní Kàbà, nígbàkígbà tí wọ́n bá ń yẹ àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wò bóyá a ṣì wà láàyè. Ìyàwó mi máa ń bá mi tò. Màmá tíṣà yìí ò lọ́kọ, kò bímọ, owó ìfẹ̀yìntì àtijọ́ tí ìjọba ń san fún un ò sì tó gààrí rà mọ́. Á bọ́ bàtà kan sílẹ̀, á gbé àwo ẹ̀pà, á máa kí wa ní ìkíni Kàbà bó ṣe ń kiri láàárín wa.

"Okun o! Ẹ ra ẹ̀pà. Ẹni tó bá jókòó ni wọ́n ń kà mọ́ òkú."

Bí ìlà bá sún, àwa la máa ń fẹsẹ̀ ti bàtà náà síwájú.

Lọ́jọ́ kan, bàtà dé iwájú tábìlì, a ò rí Màmá. Akọ̀wé pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé bírò láti kọ ọ́ mọ́ òkú.

Mo gbé bàtà sókè. "Ẹ má kọ ọ́! Màmá wà láàyè, ẹ̀pà ni wọ́n ń tà."

Gbogbo ìlà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kúrò láàyè rẹ̀ lọ wá a, títí kan èmi tí ìyàwó mi ìbá dúró fún.