Ẹyẹ Onírù Gígùn Tí Wọ́n Fi Àtè Mú ní Ifọ

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi gbé kẹ̀kẹ́ mi jáde ní Mowe. Ṣàdíátù àbúrò mi ló ránṣẹ́ láti Ifọ pé kòkòrò ń jẹ ìrẹsì òun, kí n tètè wá. Oko yẹn nìkan ló fi ń jẹun. Mo ra àkàrà gbígbóná ní Ibafo, mo sì san tọ́rọ́ fún ọlọ́kọ̀ tó gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ kọjá odò Ògùn. Iyanrìn ni ọ̀nà lódìkejì. Mo ti kẹ̀kẹ́ ju bí mo ṣe gùn ún lọ.

Ní Mowe, a ní ẹyẹ kékeré kan tó ń gbé inú ìrẹsì. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí koríko gbígbẹ, ó ní ìlà funfun lókè ojú. Bó bá ń kọrin, á gbé ìrù gígùn rẹ̀ sókè, á máa jù ú sọ́tùn-ún sósì. Kòkòrò ló ń jẹ. Bí a bá rí ìtẹ́ rẹ̀ nígbà tí à ń roko, ṣe là ń fi koríko ibẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí mo dé oko Ṣàdíátù, mo bá ìbátan ẹyẹ wa yẹn lórí igi tí wọ́n fi àtè kùn. Ìrù kan náà, ìdúró kan náà, àfi pé ìyẹ́ apá tirẹ̀ pupa, kò sì ní ìlà lókè ojú. Ó ti kú. Inú bí mi débi pé n kò rántí kí ẹnikẹ́ni.

Lásísì ọkọ Ṣàdíátù dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn. Àwọn olè tó ń jẹ wá lóko nìyẹn."

"Ta ló sọ fún ọ pé olè ni?"

"Ṣé ẹ ò rí apá rẹ̀ ni? Ọmọ ìyá ẹyẹ pupa tó máa ń dà bo ìrẹsì ni."

Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo la ikùn ẹyẹ náà níwájú rẹ̀. Tata àti kòkòrò ló kún ibẹ̀, kò sí hóró ìrẹsì kan.

Ó wò ó títí. "Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ṣáà pupa," ló wí.

"Bùrọ̀dá, mo bẹ̀ ẹ́ kó yéé kun àtè," Ṣàdíátù sọ fún mi. "Ó ní kí ni obìnrin mọ̀ nípa ẹyẹ."

Kòkòrò ti jẹ ewé tán, pòròpórò ló kù. Kò sóhun tí mo lè ṣe sí i mọ́. Nígbà tí mo ń lọ lọ́jọ́ kejì, Lásísì sìn mí dé ojú ọ̀nà. "Ẹ bá wa wá ìrẹsì tí a ó máa jẹ," ló wí, kò sì wò mí lójú.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ohun tí mo rí fún àwọn ará ilé, wọ́n sì béèrè bóyá ẹyẹ Ifọ jọ tiwa. Mo ní wọ́n jọra, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àwọ̀ apá lásán ni wọ́n torí rẹ̀ pa tibẹ̀. Mo wá gbé àpò sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìrẹsì tí a ó fi ránṣẹ́ sí Ṣàdíátù àti ọkọ rẹ̀, àwọn olóko ìrẹsì.