Wọ́n Kọ "Èdè Áfíríkà" Sábẹ́ Ọ̀rọ̀ Ẹnu Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tójú mi rí, nítorí ó ti ń hó nínú mi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, kí ẹ sọ fún mi bóyá èmi ni inú ń bí jù.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe, ní Garland, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, ní Amẹ́ríkà níbí. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo tọ́jú ìyá àgbà kan, ará Vietnam. Màmá yìí kò gbọ́ Òyìnbó, èmi náà kò gbọ́ èdè wọn. Nígbà tó yá, mo ní kí ni mò ń yọ ara mi lẹ́nu sí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá sí i, òun náà á sì fi tiwọn dá mi lóhùn. Bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, bí mo bá ń fún un lóúnjẹ, a ó máa tàkúrọ̀sọ bí ẹni tó jọ dàgbà ní agboolé kan náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, a gbọ́ ara wa yé.

Màmá ní ọmọ ọmọ kan tó ń jẹ́ Mai. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, á máa wò wá. Mo rò pé ó ń ṣọ́ mi ni.

Màmá kú. Mo lọ síbi ìsìnkú, mo sunkún, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Ọdún tó kọjá ni Mai pè mí. Ó ní òun ń ṣe fíìmù, àkọ́kọ́ tí òun máa ṣe láyé òun, nípa ìyá àgbà òun àti bí ilé wọn ṣe rí kí màmá tó kú. Èdè Vietnam ni wọ́n máa sọ. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí ìbọn, kò sẹ́ni tó ń sáré. Ó ní irú fíìmù téèyàn máa jókòó tì bí ẹni jókòó ti aláìsàn ni. Ó wá ní kí n wá ṣe ara mi nínú ẹ̀.

Èmi kẹ̀? Mo ní mi ò ṣe tíátà rí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má ṣe tíátà. Ohun tí ẹ máa ń sọ fún Grandma, ẹ kàn wá sọ ọ́."

Nínú ilé wọn yẹn náà la ti yà á. Obìnrin àgbà kan tó wá láti Arlington ló dùbúlẹ̀ bí aláìsàn. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, kámẹ́rà dojú kọ mí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti rò sílẹ̀ bá fò lọ. Ẹnu mi kàn là. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ìyá tó bí mi lọ́mọ, tó kú sí Ìkìrun nígbà tí ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Mi ò lè lọ. Bí mo bá lọ, mi ò ní rí ọ̀nà padà sọ́dọ̀ ọkọ àti ọmọ. Orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń bu iyẹ̀pẹ̀ lé e. Mo wí pé, "Màámi, ẹ dárí jì mí. Ìyá ẹlòmíì ni mò ń wẹ̀, mi ò rí yín wẹ̀."

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Ọkọ mi gan-an kò gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo dákẹ́, Mai ń sunkún lẹ́yìn kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n kọ ìtumọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ lÓyìnbó, mo fi email ránṣẹ́ sí i.

Ìgbà tó wá di Sátidé kan, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n fi fíìmù náà hàn lọ́sàn-án ní ilé sinimá kékeré kan ní Dallas. Èmi, ọkọ mi, Ṣadé ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti Ìyá Tolú ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, la jọ lọ. Mo tilẹ̀ dirun.

Fíìmù náà dára, mi ò ní parọ́. Òjò ń rọ̀, màmá ń bó ọsàn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, síbẹ̀ mi ò lè gbójú kúrò. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lédè wọn ni wọ́n kọ Òyìnbó ẹ̀ sísàlẹ̀. Bàbá kan kùn sí ajá aládùúgbò, wọ́n túmọ̀ ẹ̀.

Ó wá kàn mí. Ojú mi kún gbogbo ara ògiri. Mo lanu. Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni: "Ó ń sọ èdè Áfíríkà."

Mo ní bóyá ó máa yí padà. Kò yí. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí mo fi tú ikùn mi síta níbẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn náà ni wọ́n rí kọ. Ìyá Tolú ti ń fi gèlè nu ojú. Ọkọ mi ti di ọwọ́ mi mú, kò lè wò mí. Ẹnì kan lẹ́yìn wa sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi fà mí lápá: "Mommy, what are you saying?"

Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí mo bí. Ibí la bí i sí, Yorùbá ẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" lọ. Ohun tí wọ́n máa kọ sísàlẹ̀ lòun náà gbójú lé, bíi ti gbogbo àjèjì tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí fíìmù parí, Mai bọ́ síwájú kí àwọn èèyàn bi í ní ìbéèrè. Wọ́n ń yìn ín. Mo nawọ́. Ọkọ mi rọra ní kí n jẹ́ ká délé. Mi ò gbọ́. Mo dìde, mo bi í pé ibo ni ìtumọ̀ tí mo kọ wà.

Ọkùnrin tó ń darí ètò ló gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní ọgbọ́n fíìmù náà nìyẹn, pé ó yẹ kí òǹwòran má gbọ́ mi, kó lè mọ bó ṣe ń ṣe ìyá àgbà. Ó tún ní ohùn mi dùn létí bí orin. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Mò ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú ìyá mi, ẹnì kan ní orin ni.

Mai wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní òun fara mọ́ ọn, pé bí wọ́n bá kọ ọ́, kíkà làwọn èèyàn máa máa kà, wọn ò ní wo ojú mi.

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi wá kọ tiyín? Ṣé ojú tiyín kò tó wò ni? Áfíríkà kì í ṣe èdè, Mai. Yorùbá ni mo sọ. Ìyá àgbà rẹ mọ̀ pé kì í ṣe ariwo ni mò ń pa, torí ó máa ń dá mi lóhùn."

Ọkùnrin yẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì na ìka sí ẹlòmíì. Bó ṣe parí nìyẹn. A jáde.

Lórí freeway, ọkọ mi ní, "Bó ṣe wà nínú ẹ tó nìyẹn, o ò sọ fún mi?"

Ní Thursday tó tẹ̀lé e, Mai kanlẹ̀kùn wa, ó gbé kọ̀ǹpútà dání. Mi ò fún un lómi, ẹ má bi mí. Ó ní òun ti wo ibẹ̀ léraléra láti Sátidé, ojú sì ti òun. Ó ní òun fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ sí i, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíì, tí mo bá máa ran òun lọ́wọ́.

Ṣadé ló ní òun máa tẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sáàárín wa lórí tábìlì ìjẹun. Mai á ṣí ibẹ̀, màá gbọ́ ohùn mi, màá sọ ọ́ lÓyìnbó, ọmọ á tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé ibi tí mo ti ní mi ò rí ìyá mi wẹ̀, ìka ẹ̀ dúró. Ó bi mí bóyá torí òun ni mi ò ṣe lọ. Mo ní rárá o, ìwé ni. Ó tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tún ti Yorùbá ibẹ̀ sọ, kí òun náà lè mọ̀ ọ́n sọ.

Ṣùgbọ́n inú mi kò tíì rọ̀ tán. Mai jẹ́wọ́ pé ẹ̀dà àtijọ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn ilé sinimá méjì míì, kò sì dá a lójú pé wọ́n máa gbà láti pààrọ̀ ẹ̀. Níbẹ̀, èdè Áfíríkà ni mo ṣì ń sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá fi ohùn yín ṣe nǹkan, kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ bi í léèrè ohun tó máa kọ sábẹ́ ẹ̀. Èmi ò béèrè. Mo rò pé ẹni tó bá sunkún ti gbọ́ ọ yé.

Ṣé wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ tiyín di ariwo rí, níbi iṣẹ́, níléèwé ọmọ, ní hospital? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́, kó béèrè.